Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ìtàn Ẹgbẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ti Benjamin Franklin

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ-iṣẹ́ bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò bá a wí. Bí akọ̀wé bá ṣe àṣìṣe nínú ìwé, ẹni tí ó wà lókè rẹ̀ yóò dá ìwé náà padà fún un. Bí ọmọ ilé-ìwé kò bá mọ ìṣirò rẹ̀, tíṣà yóò fi yíǹkì pupa sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tí ó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe wí? Ta ni yóò bi télọ̀ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ léèrè pé, kí ló dé tí aṣọ tí ó rán lọ́dún yìí kò sàn ju ti èṣí lọ? Oníbàárà kì í sábà bá a jà. Yóò kàn gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Kí télọ̀ náà tó fura, ṣọ́ọ̀bù ti dá páropáro.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀bẹ mímú gan-an, ṣùgbọ́n tí ó tètè mọ̀ pé òun kò lè dá èkù òun gbẹ́. Benjamin Franklin ni orúkọ rẹ̀. Ẹ lè ti gbọ́ pé ó wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ní ọdún 1776, tàbí pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó wádìí mànàmáná. Kì í ṣe èyíinì ni mo bá wá. Ìgbà tí kò tíì ní òkìkí kankan, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé lásán, ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

A bí Franklin ní ìlú Boston ní oṣù kìíní ọdún 1706, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà. Baba rẹ̀ ń ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ tà. Ọmọ pọ̀ nílé, owó kò sì tó, nítorí náà bí ọdún 2 péré ni ó lò ní ilé-ìwé. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, wọ́n fi í sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, James, tí ó ní ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n náà a máa lù ú, àárín wọn kò sì gún. Ní ọdún 1723, Franklin sá kúrò nílé, ó sì gba Philadelphia lọ. Ọmọ ọdún 17 ni. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé níbẹ̀, ó sì padà sí Philadelphia ní ọdún 1726. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Nígbà tí ó yá, ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí òun ní ilé ìtẹ̀wé tòun, kí òun má ṣe sin ọ̀gá mọ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe kí ó tó ní ilé ìtẹ̀wé náà. Ní ọdún 1727, nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí mélòó kan jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Junto. Ìdí ẹgbẹ́ náà ni pé kí olúkúlùkù máa ran ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́ láti sàn sí i, nínú ìwà, nínú ìmọ̀ àti nínú iṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń pàdé. Ẹ mọ̀ pé nítorí orúkọ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dáwọ́ lé ohun ńlá ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn wọ̀nyí ní tiwọn, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi ń wádìí ohun tí ó tì lọ́wọ́ wọn.

Àwọn wo ni wọ́n? Wọn kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá, àfi ẹyọ kan. Joseph Breintnall ń bá àwọn ènìyàn da ìwé ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn kọ. Thomas Godfrey ń fi gíláàsì sí ojú fèrèsé, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ ìṣirò títí ó fi di ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀. Nicholas Scull ń wọn ilẹ̀. William Parsons ń ṣe bàtà. William Maugridge jẹ́ káfíńtà. William Coleman jẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ oníṣòwò kan. Hugh Meredith, Stephen Potts àti George Webb ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan náà pẹ̀lú Franklin. Robert Grace nìkan ni ọmọ olówó láàárín wọn. Àwọn ènìyàn tún máa ń pe ẹgbẹ́ yìí ní ẹgbẹ́ àwọn tí ń ró awọ, nítorí awọ ni oníṣẹ́ ọwọ́ ń so mọ́ iwájú kí aṣọ rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Wàyí o, ẹgbẹ́ pọ̀ níbi gbogbo. Ẹgbẹ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí a bá ti jẹun tán, tí a mu tán, ìpàdé ti parí. Kí ni ó mú ti Junto yàtọ̀? Òfin rẹ̀ ni. Èkíní, ìbéèrè 24 wà tí wọ́n ń kà jáde ní ìpàdé, kí olúkúlùkù lè wò ó bóyá òun ní èsì sí ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n ń bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ka ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìwé láìpẹ́ yìí. Wọ́n ń bèèrè ta ni òwò rẹ̀ bàjẹ́ ní ìlú, àti kí ni ó fà á. Wọ́n ń bèèrè ta ni nǹkan ń ṣẹnuure fún, ọ̀nà wo ni ó sì gbà. Wọ́n ń bèèrè bóyá ọ̀dọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ẹgbẹ́ lè ràn lọ́wọ́, bóyá ẹnì kan ba ọmọ ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́, àti ọ̀nà tí ẹgbẹ́ lè gbà ti olúkúlùkù lẹ́yìn nínú ohun rere tí ó ń gbèrò. Láàárín ìbéèrè kan sí èkejì, wọn a dánu dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi bu ife wáìnì kan mu.

Èkejì, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ àròkọ kan lórí ohunkóhun tí ó wù ú, kí ó sì kà á sí etí gbogbo wọn. Aránbàtà yóò kọ tirẹ̀, káfíńtà yóò kọ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, àríyànjiyàn wà, ṣùgbọ́n ìjà kò sí. Ẹni tí ó bá ta ko ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ̀ gbọnmọ-gbọnmọ, tàbí tí ó bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, owó ìtanràn díẹ̀ ni yóò san. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò dìde dúró, yóò gbé ọwọ́ lé àyà, yóò sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Lára rẹ̀ ni pé ṣé ó fẹ́ràn ọmọ ènìyàn gbogbo, irú iṣẹ́ tàbí ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n ṣe, àti pé ṣé ó fẹ́ràn òtítọ́ nítorí òtítọ́.

Ẹ ó bi mí pé, èrè wo ni ó wà nínú gbogbo èyí fún ẹni tí ó ń wá oúnjẹ òòjọ́? Ẹ gbọ́. Ní ọdún 1728, Franklin àti Meredith jọ ṣí ilé ìtẹ̀wé tiwọn. Ilé ìtẹ̀wé méjì ti wà ní ìlú tẹ́lẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń sọ pé ẹ̀kẹta kò lè jẹ́. Breintnall, ọmọ ẹgbẹ́ Junto, ni ó bá wọn wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Quaker: kí wọ́n tẹ apá kan ìwé ìtàn ẹ̀sìn náà, tí ó tó tákàdá ńlá 40. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà náà, lẹ́tà òjé kéékèèké ni a ń fi ọwọ́ ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń tò wọ́n jọ di ọ̀rọ̀. Franklin pinnu pé tákàdá kan ni òun yóò máa tò lójúmọ́, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó rò pé òun ti parí, àfi gbàgà, ọ̀kan nínú ohun tí ó tò já, lẹ́tà ojú ìwé méjì dà rú pátápátá. Kò lọ sùn. Ó ṣà wọ́n padà, ó sì tún wọn tò kí ó tó lọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Kí ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀? Ìwà rẹ̀ ni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pẹ̀lú pé ojú Breintnall wà lára iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ tí ó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ, o kò ní fẹ́ dójú tì í. Àwọn aládùúgbò sì ń wò. Dókítà kan tí ń jẹ́ Baird sọ ní ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò pé òun a máa rí Franklin lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí òun bá ń lọ sílé lóru, àti pé kí àwọn aládùúgbò tó jí, ó ti tún wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò náà fẹ́ máa fún un ní ọjà.

Ìṣòro tí ó tóbi jù ṣì ń bọ̀. Baba Meredith ni ó ṣèlérí láti san owó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà. Ó san 100 pọ́ùn, kò sì rí 100 pọ́ùn yòókù san. Ẹni tí ó jẹ lówó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ilé ìtẹ̀wé fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà náà ni Coleman wá bá Franklin, tí ó ní òun yóò yá a ní gbogbo owó tí ó bá fẹ́. Grace náà wá, ó sọ ohun kan náà. Franklin kò bẹ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kìíní kò mọ̀ pé ẹnì kejì wá. Ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti jókòó tì í, wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, wọ́n sì ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi lè fi owó lé e lọ́wọ́. Franklin gba ìdajì lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà dun ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ṣùgbọ́n kí a má pa irọ́ fún ara wa. Ẹgbẹ́ kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Meredith pẹ̀lú jẹ́ ọmọ Junto, ọtí sì ni ìṣòro rẹ̀. Ìdí kan tí baba rẹ̀ fi gbà láti fi owó sí òwò náà ni pé ó rí i pé Franklin ti mú kí ọmọ òun jáwọ́ nínú ọtí fún ìgbà pípẹ́. Baba náà rò pé bí wọ́n bá jọ wà pọ̀, ọtí yóò kúrò nílẹ̀ pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Meredith padà sídìí ọtí. Ní ọdún 1730 òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àgbẹ̀ ni àwọn ní ìdílé òun, àti pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kò bá òun mu. Wọ́n pínyà láìjà. Franklin gba gbogbo gbèsè sí orí ara rẹ̀, ó fún Meredith ní 30 pọ́ùn àti gàárì ẹṣin tuntun kan, Meredith sì lọ dáko ní North Carolina. Ọ̀rẹ́ lè jí ni, ẹ̀yin ará mi, ṣùgbọ́n ẹni tí a jí ni yóò dìde fúnra rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ó wù mí jù nínú ìtàn Franklin. Ní àkókò kan, ó dá a lábàá pé òun fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìwà tí kò dára. Ó kọ ìwà rere 12 sílẹ̀: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ètò, aápọn, òtítọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣe ìwé kékeré kan, ó fa ìlà ọjọ́ méje sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ní alalẹ́, yóò yẹ ara rẹ̀ wò, yóò sì fi àmì dúdú sí ibi tí ó bá ti ṣẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀bẹ náà ń gbìyànjú láti gbẹ́ èkù ara rẹ̀! Lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ Quaker fi sùúrù sọ fún un pé àwọn ènìyàn rò pé agbéraga ni, pé bí ó bá ń jiyàn, kì í tó fún un pé kí ó borí, àfi kí ó tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ó fún un ní àpẹẹrẹ, kì í ṣe ẹyọ kan. Franklin ronú sí i, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ kún ìwé náà. Ó di 13. Láti ìgbà náà, ó lo òfin àtijọ́ ti Junto fún ẹnu ara rẹ̀: kò sọ pé "dájúdájú" tàbí "láìsí iyèméjì" mọ́, ó ń sọ pé "bí ó ti rí lójú mi". Ìwé kékeré yẹn, òun ni ó fà á, òun ni ó ń kọ ọ́, òun ni ó ń kà á. Síbẹ̀, àléébù tí ó tóbi jù kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni ó rí i.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kùnà nígbà mìíràn. Wọ́n kó ìwé wọn jọ sí iyàrá kan kí gbogbo wọn lè máa kà á. Kò ju bí ọdún kan lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tọ́jú àwọn ìwé náà dáadáa, kálukú kó tirẹ̀ lọ sílé. Dípò kí wọ́n jókòó máa sunkún, Franklin dá a lábàá pé kí àwọn ará ìlú máa dáwó. Ní ọdún 1731, ènìyàn 50 gbà láti san ṣílè 40 lẹ́ẹ̀kan àti ṣílè 10 lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìkàwé Library Company of Philadelphia ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Inú Junto ni Franklin ti kọ́kọ́ ka àròkọ kan lórí iná tí ń jó ilé. Láti inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ panápaná ti jáde ní ọdún 1736. Ọmọ ẹgbẹ́ panápaná tí kò bá wá sí ìpàdé oṣooṣù yóò san owó ìtanràn, owó náà ni wọ́n sì fi ń ra àkàbà àti àwọn ohun èlò iṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rí bí Junto ti wúlò tó, àwọn kan nínú wọn fẹ́ mú àwọn ọ̀rẹ́ wọn wọlé. Ẹgbẹ́ kò gbà. Wọ́n ti sọ ọ́ pé àwọn kò ní ju 12 lọ. Dípò èyí, Franklin ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ dá ẹgbẹ́ kékeré tirẹ̀ sílẹ̀. Márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú wọn ni ó fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1748, nígbà tí Franklin di ọmọ ọdún 42, ó ti lówó tó láti fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé lé alábàáṣe rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, ìtàn náà yóò dùn, ṣùgbọ́n kò ní pé. Ní àwọn ọdún tí a ń sọ yìí, wọ́n ń ta àwọn ènìyàn dúdú ní Philadelphia bí ẹni ta ẹrù. Ìwé ìròyìn Franklin ń gba owó láti fi polówó wọn. Franklin fúnra rẹ̀ ní ẹrú nínú ilé. Àwọn tí wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà pé àwọn fẹ́ràn ọmọ ènìyàn gbogbo, nínú ìbéèrè 24 tí wọ́n ní, kò sí ọ̀kan tí ó bèèrè nípa àwọn wọ̀nyí. Kí ló dé? Oríṣiríṣi iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí, ibì kan náà ni wọ́n sì ń wò. Ohun tí ó bá wà lẹ́yìn gbogbo yín, ta ni yóò rí i nínú yín? Ní ọdún 1763, Franklin ṣe ìbẹ̀wò sí ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ dúdú ti ń kọ́ ìwé ní Philadelphia. Ó rí i pé ọgbọ́n orí wọn kò kéré sí ti àwọn ọmọ òyìnbó, ó sì jẹ́wọ́ nínú lẹ́tà pé èrò òun tẹ́lẹ̀ kò tọ̀nà. Ní ọdún 1787, ọdún 60 gbáko lẹ́yìn tí Junto bẹ̀rẹ̀, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ tí ń jà kí òwò ẹrú àti oko ẹrú dópin. Ní oṣù kejì ọdún 1790 ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Àwọn aṣòfin kò ṣe é. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Franklin kú.

Kí ni a ó rí mú nínú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń dá iṣẹ́ yín ṣe? Àwa náà mọ àárò: mo bá ọ ro oko tìrẹ lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la, ẹni tí kò bá sì wá sí oko ẹlòmíràn, kò ní rí ẹnì kan ní oko tirẹ̀. Ohun tí àwọn ará Philadelphia wọ̀nyí ṣe jọ ọ́, àfi pé ìwà àti ọgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn ro. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú irú rẹ̀, ẹ má wá èrò púpọ̀. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ yín gan-an. Ẹ dá ọjọ́ tí kò ní yẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ohun tí ó bá ṣáà wá sẹ́nu ni ẹ ó máa sọ. Ẹ fi owó ìtanràn díẹ̀ sí i fún ẹni tí ó bá pẹ́ tàbí tí ó bá bú ẹnì kejì. Kí ẹ sì rí i pé ẹnì kan wà láàárín yín tí ó jókòó sí ibi tí ẹ̀yin yòókù kò jókòó sí, tí ó lè rí ẹ̀yìn yín.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, tíṣà yín wà lónìí tí ń fi yíǹkì pupa sí ìwé yín. Ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní sí tíṣà mọ́. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ ti máa wo àárín àwọn ọ̀rẹ́ yín báyìí: èwo nínú wọn ni ó lè sọ fún yín, láìbínú, láìfi ṣẹ̀sín, pé ohun tí ẹ ṣe kò dára tó? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni náà bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ó dìgbà kan ná.